Kòkòrò Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Pa Wáìnì Ilẹ̀ Faransé Run

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Kòkòrò tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí gbọ́n ju ìyẹn lọ: bó bá ti jẹun tán, á kó jáde. Ìyẹn ni wọn ò fi tètè rí i mú.

Ní 1863, lẹ́bàá odò Rhône ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, igi àjàrà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Ewé á pọ́n, á gbẹ, á já bọ́ láìtó àsìkò. Bí ọdún bíi mélòó kan bá kọjá, igi náà á kú, àìsàn á sì ti dé ara èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ hú òkú igi, wọ́n yẹ gbòǹgbò rẹ̀ wò. Ó ti jẹrà, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ní oṣù Keje 1868, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta kan dé sóko. Jules-Émile Planchon, onímọ̀ nípa ewéko láti Montpellier, wà lára wọn. Igi tó ṣì yè ni àwọn hú. Kòkòrò bíńtín aláwọ̀ ìyeyè ló bo gbòǹgbò náà, tí wọ́n ń fa oje rẹ̀ mu. Phylloxera ni wọ́n ń pè é. Bí gbòǹgbò bá ti kú, á ṣí lọ sórí òmíràn.

Amẹ́ríkà ló ti wá, lára igi àjàrà tí àwọn èèyàn ń kó wọ Yúróòpù. Nígbà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń ti ọkọ̀ ojú omi, ìrìn náà pẹ́ jù fún un. Nígbà tí ọkọ̀ tó ń fi ooru ṣiṣẹ́ dé, ó ráyè gúnlẹ̀ láàyè.

Ní 1875, wáìnì tí ilẹ̀ Faransé ṣe lé ní bílíọ̀nù 8 lítà. Nígbà tó fi di 1889, kò ju bílíọ̀nù 2 lítà àti díẹ̀ lọ. Oko bàbá ńlá àwọn èèyàn di ilẹ̀ òfìfo. Àwọn mìíràn kó ẹrù wọn, ó di Àlùjíríà.

Ìjọba gbé ẹ̀bùn 300,000 franc kalẹ̀ fún ẹni tó bá rí oògùn rẹ̀. Ìmọ̀ràn wá wọlé wìtìwìtì. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí wọ́n ri ọ̀pọ̀lọ́ láàyè mọ́ ìdí igi. Wọ́n da omi bo oko, àmọ́ ẹni tó wà nítòsí omi nìkan ló lè ṣe é. Wọ́n fún kẹ́míkà sínú ilẹ̀, owó rẹ̀ wọ́n.

Ibi tí àrùn ti wá ni ìwòsàn wà. Ó ti pẹ́ tí àjàrà Amẹ́ríkà ti ń bá kòkòrò yìí gbé, gbòǹgbò rẹ̀ sì lè gbà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n adùn èso rẹ̀ kò bá wáìnì Faransé mu. Ni wọ́n bá lọ́ ẹ̀ka àjàrà Faransé sára gbòǹgbò Amẹ́ríkà: ìsàlẹ̀ á máa bá kòkòrò jà, òkè á máa so èso tí wọ́n mọ̀.

Ọ̀pọ̀ kò gbà. Ṣé gbòǹgbò àlejò ló máa gbé wáìnì wọn dúró? Ní Burgundy, títí di 1887 ni òfin fi de igi àjàrà Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ oko ń kú lọ. Ebi ló parí àríyànjiyàn náà.

Ẹ̀bùn yẹn ńkọ́? Léo Laliman, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ dá àbá lílọ́ igi yìí, béèrè fún un. Ìjọba ní ìdènà ló mú wá, kì í ṣe ìwòsàn. Wọn ò san án fún ẹnikẹ́ni.

Ká sòótọ́, ìjọba ò parọ́. Kòkòrò náà ṣì wà nínú ilẹ̀ títí dòní. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú wáìnì Faransé tí ẹ ń rí lórí tábìlì òde àríyá, orí gbòǹgbò Amẹ́ríkà ni igi rẹ̀ dúró lé.