Ọ̀bẹ Kì í Gbẹ́ Èèkù Ara Rẹ̀: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Fi Ẹjọ́ Ọlọ́pàá Sùn ní Nàìjíríà

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, òwe yìí kan gbogbo àwa tí a ń gbé ìlú onílùú. Bí ọlọ́pàá bá mú ọmọ onílé láìtọ́, bàbá rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ á ti dé téṣàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ta ni yóò sáré lọ fún àtìpó? Bí ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ló bá ṣẹ̀ wá, ta ni a ó fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn? Ìbéèrè yìí ti wà kí Nàìjíríà tó gba òmìnira.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1930 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì da ọlọ́pàá Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀ di ọ̀kan. Síbẹ̀, àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ṣì wà: ní ilẹ̀ wa, àwọn tí àwọn bàbá wa ń pè ní akódà, ní Àríwá, àwọn yandoka tó wà lábẹ́ àwọn ọba ibẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀sùn sí wọn, ọwọ́ ẹni tó rán wọn níṣẹ́ náà ni yóò tún gbé e lọ. Bí olùfisùn bá wá jẹ́ àlejò, tàbí tó ń ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọn kò fẹ́, ẹ mọ ibi tí ẹjọ́ náà yóò já sí.

Ní 1957, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lábẹ́ Sir Henry Willink láti gbọ́ ohun tó ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ àwọn Yorùbá Ìlọrin àti Kàbà tó wà lábẹ́ ìjọba Àríwá wà lára ohun tí wọ́n gbé yẹ̀wò. Nínú àbọ̀ tí wọ́n jẹ́ ní 1958, wọn kò fara mọ́ kí a pín ọlọ́pàá fún àwọn ẹkùn, kí ìjọba ẹkùn má baà fi ni àwọn tí kò pọ̀ lára. Òfin òmìnira 1960 wá dá Ìgbìmọ̀ Ọlọ́pàá sílẹ̀, tí aṣojú ìjọba àpapọ̀ àti ti àwọn ẹkùn jọ ń jókòó sí. Ó tún dá àjọ tí a mọ̀ sí PSC sílẹ̀ lọ́tọ̀, láti máa rí sí ìgbanisíṣẹ́ àti ìbáwí àwọn ọlọ́pàá.

Àwọn ológun gbàjọba ní 1966. Wọ́n fòpin sí ọlọ́pàá ìbílẹ̀, wọ́n kó àwọn tó yege lára wọn mọ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ní 1975, ìjọba Murtala Muhammed dá Àjọ Olùgbẹ́jọ́ Aráàlú sílẹ̀, Alhaji Maitama Sule sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni lè mú ẹ̀sùn lọ síbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Àmọ́ ìmọ̀ràn ni àjọ náà lè gbà. Kò lè fi ìyà jẹ ẹni tó jẹ̀bi.

Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní 1999, ìwé òfin tún gbé PSC ró, òfin 2001 sì la iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, aṣojú àwọn obìnrin, oníròyìn àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó lè lé ọlọ́pàá kúrò níṣẹ́, àfi Ọ̀gá Àgbà wọn nìkan ni agbára rẹ̀ kò ká. Ibi tí bàtà ti ń ta ni lẹ́sẹ̀ ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ọlọ́pàá náà ni wọ́n tún ń fi ìwádìí lé lọ́wọ́. Ọ̀bẹ àti èèkù rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Apo l'Ábújá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2005, ọlọ́pàá pa ọ̀dọ́ mẹ́fà, ọkùnrin márùn-ún àti obìnrin kan, wọ́n ní adigunjalè ni wọ́n. Ọmọ Ìgbò tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni àwọn ọkùnrin náà, àtìpó bíi tiwa. Ẹbí wọn àti àwọn ará ọjà fárígá. Ààrẹ Ọbásanjọ́ gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí dìde lábẹ́ Adájọ́ Ọlásùmbọ̀ Goodluck, ibẹ̀ ni òótọ́ sì ti fojú hàn pé wọn kì í ṣe olè. Ọdún 2017 ni ilé ẹjọ́ tó dájọ́ ikú fún méjì nínú àwọn ọlọ́pàá náà, ó dá àwọn yòókù sílẹ̀. Ọdún méjìlá gbáko! Ká ní àwọn ará ọjà dákẹ́ ni, orúkọ olè ni wọn ì bá fi sin àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Ọlọ́pàá dá ẹ̀ka ìgbẹ́sùn tiwọn sílẹ̀ ní 2015. Ní 2020, òfin ọlọ́pàá tuntun rọ́pò ti 1943. Ó ní a kò gbọdọ̀ mú èèyàn dípò ẹlòmíràn, a kò sì gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí gbèsè. Ó tún ní kí adájọ́ májísíréètì máa yẹ àgọ́ ọlọ́pàá wò lóṣooṣù. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ tú jáde lórí ọ̀rọ̀ SARS, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú.

Bí wọ́n bá ń jiyàn lórí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, ìbéèrè Willink ló tún padà yọjú. Kí àwa tí a wà lájò má kàn béèrè ẹni tí yóò máa pàṣẹ fún un. Ká béèrè ibi tí a ó fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ní tiwa, bí wọ́n bá mú ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, kí ẹnìkan má dá lọ sí téṣàn. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ọlọ́pàá náà sílẹ̀, àti ọjọ́, wákàtí àti orúkọ téṣàn. Ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ ni ẹbí àtìpó.