Ẹ̀rọ Inú-Ẹ̀rọ: Bí A Ṣe Lè Fi Yorùbá Sọ̀rọ̀ Àsopọ̀ Orí Sáfà

Ẹ jẹ́ ká mú sáfà kan tí ẹ̀rọ mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ló gbé ìkànnì ilé-iṣẹ́, tí gbogbo ayé lè kàn sí. Ìkejì ló tọ́jú ẹ̀dà àkọsílẹ̀ owó àti orúkọ àwọn oníbàárà. Ìkẹta wà fún ìdánwò: ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gbìyànjú ohun tuntun, tí wọ́n ń bà á jẹ́, tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Irin kan náà ló gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ kò yẹ kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bó ṣe wù wọ́n. Bí olè bá gba ojú ìkànnì wọlé, kò gbọdọ̀ rí ọ̀nà dé ìdí àkọsílẹ̀ owó. Ìdí nìyẹn tí olùtọ́jú sáfà fi máa ń ya ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ wọn sọ́tọ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò kéré. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń yà sí níbi tó bá ti le, tí Yorùbá á wá di èdè “mú un wá” àti “gbé e síbẹ̀” lásán. Mi ò gbà pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Yorùbá lè gbé iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí a bá fi iṣẹ́ tí ohun kọ̀ọ̀kan ń ṣe sọ ọ́ lórúkọ, tí a kò jẹ́ kí orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ máa darí wa.

Kì í ṣe àwa la máa kọ́kọ́ dán irú rẹ̀ wò. Ní 1970, ètò ọlọ́dún mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Apá kejì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀ lé e ní 1990. Nínú gírámà tí à ń kọ́ lónìí, ọ̀rọ̀ àṣẹ̀dá bíi ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀ àyálò bíi fáwẹ́lì jọ ń gbé pọ̀ láìjà. Ẹ̀kọ́ tó yẹ ká mú níbẹ̀ ni pé kò pọn dandan láti ṣẹ̀dá ohun gbogbo.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ ká fọwọ́ kàn. Sáfà, kọ̀ǹpútà, káàdì àti àdírẹ́sì ti di tiwa. Ẹni tó bá wá òmíràn fún wọn ń da ọmọ iṣẹ́ láàmú lásán ni. Bákan náà ni orúkọ tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń kà: KVM, tó ń jẹ́ kí sáfà kan gbé irú ẹ̀rọ mẹ́ta bẹ́ẹ̀, tó sì wọ inú Linux ní 2007, àti libvirt, tí a fi ń darí rẹ̀. Bí a bá yí lẹ́tà kan padà nínú orúkọ bẹ́ẹ̀, àṣẹ tí a tẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ mẹ́ta yẹn gan-an. Kí ni ká pè wọ́n? Ó rọrùn láti sọ pé “ẹ̀rọ àfojúinúwò”, ṣùgbọ́n ohun tí a fojú inú wò lásán kò ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́: wọ́n ń jẹ mẹ́mọ́rì, wọ́n ń gba àyè lórí dísíìkì, wọ́n sì ń ṣírò bí èyí tó wà nínú irin. “Ẹ̀rọ ayédèrú” tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò sí jìbìtì kankan nínú rẹ̀. Láti 1972 tí IBM ti gbé VM/370 jáde, ohun tó jẹ́ òótọ́ nípa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò yí padà: inú ẹ̀rọ mìíràn ló ń gbé. Ẹ̀rọ inú-ẹ̀rọ ni mo pè é. Èyí tó gbà á sílé ni ẹ̀rọ onílé. Orúkọ yìí sì ń bímọ. Káàdì tí a kò lè fọwọ́ bà, tó jẹ́ pé inú sọ́fítíwíà ló wà, á di káàdì inú-ẹ̀rọ. Èyí tí okùn ń wọ̀ lẹ́yìn sáfà á di káàdì òde.

Kí ni ká wá pe ohun tí àwọn káàdì wọ̀nyí jọ wà lórí rẹ̀? Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, àmọ́ iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá ní “kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì níbí” ń sọ pé ìpè kò wọlé sórí fóònù òun ni. Ìtàkùn náà wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ayélujára ti gbà á. Mo yan àsopọ̀: ohun tí a so pọ̀. Ìsopọ̀ á wá jẹ́ iṣẹ́ síso náà. Ó lè wu ènìyàn láti pe ohun tó ń so wọ́n ní asopọ̀, bí a ti ṣẹ̀dá adájọ́ àti apẹja, ṣùgbọ́n ohùn nìkan ni yóò ya àsopọ̀ àti asopọ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì ohùn sí ohun tí wọ́n tẹ̀. Nínú ìtàn, àyíká ọ̀rọ̀ á gbà wá. Nínú ìtọ́ni iṣẹ́, ẹni tó bá ṣi ọ̀kan gbé fún èkejì lè ṣí ọ̀nà tó yẹ kó dí. Òfin kan rèé tí mo dìrọ̀ mọ́: ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n jọ wà nínú iṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ fi ohùn nìkan yàtọ̀ síra.

Ohun tó ń so káàdì pọ̀ nínú sáfà, Gẹ̀ẹ́sì pè é ní afárá. Orúkọ náà bá iṣẹ́ mu nígbà kan. Ní àwọn ọdún 1980, àpótí kan ló máa ń so àsopọ̀ méjì pọ̀, irú àpótí bẹ́ẹ̀ sì ni Radia Perlman, ní ilé-iṣẹ́ DEC, ṣe ìlànà fún ní 1985 kí ọ̀rọ̀ má bàa máa yípo láìdúró. Lónìí, èyí tó wà nínú Linux lè so ogún ẹ̀rọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Afárá ní bèbè méjì péré; ẹni tó bá gbọ́ ọ á máa wá òdìkejì. Oríta ni mo pè é, nítorí oríta ni ọ̀nà púpọ̀ ti ń pàdé. Ó máa ń mọ ẹni tó wà lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí ìdì, ìyẹn ẹyọ ọ̀rọ̀ tí a dì láti fi ránṣẹ́ lórí àsopọ̀, lè gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín lọ bó bá dé.

Ibi tí orúkọ ti lè ba iṣẹ́ jẹ́ jù ló kàn. Bí olùtọ́jú bá dá oríta méjì sílẹ̀, tó so ẹ̀rọ ìkànnì mọ́ ọ̀kan, tó so ẹ̀rọ àkọsílẹ̀ mọ́ èkejì, ó ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣé wọn kò lè dé ọ̀dọ̀ ara wọn mọ́? Wọ́n lè dé ibẹ̀. Bí ẹ̀rọ onílé bá ní àdírẹ́sì lórí oríta méjèèjì, tí a sì gbà á láyè láti máa gbé ìdì kọjá, inú onílé fúnra rẹ̀ ni ìdì á gbà. Olùtọ́jú á ti sùn, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, ọ̀nà á sì wà ní ṣíṣí. Ọ̀rọ̀ méjì la nílò, kì í ṣe ẹyọ kan. Àsopọ̀ ọ̀tọ̀ ni èyí tó ní oríta tirẹ̀. Àsopọ̀ àdádó ni èyí tí ìdì kò lè tibẹ̀ jáde, tí ti òde kò sì lè wọ̀ ọ́. Onílé nìkan ló ṣì lè bá àwọn tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń sọ ọ̀tọ̀ di àdádó ni odi, ìyẹn àwọn òfin tó ń yẹ ìdì kọ̀ọ̀kan wò, tó ń jẹ́ kó kọjá tàbí tó ń dá a dúró. Ẹ má jẹ́ ká pè é ní “ògiri iná”. Ọ̀dọ̀ àwọn kọ́lékọ́lé ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú un, àwọn tó ń mọ ògiri tí iná kò lè là kọjá. Yorùbá tó bá gbọ́ ògiri iná á rò pé iná ni wọ́n fi mọ ọ́n. Odi ti wà fún ìlú wa láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo wa la sì mọ̀ pé odi ní ẹnubodè. Ẹnubodè á wá jẹ́ orúkọ àdírẹ́sì tí ìdì ń gbà kó tó lè jáde kúrò nínú àsopọ̀.

Àsopọ̀ tí libvirt máa ń pèsè fúnra rẹ̀ ní virbr0 gẹ́gẹ́ bí oríta, àdírẹ́sì ibẹ̀ sì máa ń wà nínú 192.168.122.0/24. Ó wà lára àwọn àdírẹ́sì tí ìlànà RFC 1918 ti ọdún 1996 yà sọ́tọ̀ fún ìlò inú ilé. Wọn kì í rìn lórí ayélujára. Àdírẹ́sì abẹ́lé ló yẹ wọ́n, bí a ti ń sọ ìdìbò abẹ́lé. Bí ìdì bá fẹ́ jáde, onílé á bọ́ àdírẹ́sì abẹ́lé kúrò lára rẹ̀, á fi tirẹ̀ rọ́pò, á sì rántí ẹni tó ni ín kí èsì lè padà bá a. Ìpààrọ̀ àdírẹ́sì ni.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi inú-ẹ̀rọ rọ́pò lókè, ìyẹn “virtual”, tún fara hàn nínú ìlànà IEEE 802.1Q, tó jáde ní 1998. Níbẹ̀, okùn kan lè gbé àsopọ̀ púpọ̀, tí ìdì kọ̀ọ̀kan á sì ru nọ́ńbà àsopọ̀ tó ti wá. Bíìtì 12 ni nọ́ńbà náà, èyí tó fúnni ní 4,096. Méjì nínú rẹ̀ kò ṣeé lò, ó ku 4,094. Bí a bá pe èyí ní inú-ẹ̀rọ, irọ́ la pa, nítorí orí okùn ló wà. Àmì ló ń ya ọ̀kan kúrò lára èkejì, nítorí náà àsopọ̀ alámì ló ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan di ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì, àlàyé sì mọ́lẹ̀ sí i.

Iṣẹ́ nìkan ló lè dán ọ̀rọ̀ àṣẹ̀dá wò. Ẹ ka ìtọ́ni yìí:

Dá oríta mẹ́ta sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ onílé. So káàdì òde mọ́ oríta kìíní, kí o sì so ẹ̀rọ ìkànnì mọ́ ọn. So ẹ̀rọ àkọsílẹ̀ mọ́ ìkejì. Má so káàdì òde mọ́ ọn, má sì fún un ní ẹnubodè. So ẹ̀rọ ìdánwò mọ́ ìkẹta, fún un ní àdírẹ́sì abẹ́lé, kí o sì jẹ́ kó máa fi ìpààrọ̀ àdírẹ́sì jáde. Kọ òfin odi pé onílé kò gbọdọ̀ gbé ìdì kankan wọ oríta ìkejì, àti pé ti ìkẹta kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìkànnì. Parí rẹ̀ nípa gbígbìyànjú láti inú ẹ̀rọ ìdánwò láti kàn sí ẹ̀rọ àkọsílẹ̀. Bí kò bá dé ibẹ̀, o ti ṣe é.

Káàdì àti àdírẹ́sì nìkan ni àyálò inú rẹ̀, kò sì sí ibi tí ọmọ iṣẹ́ ti máa ṣi ohun kan gbé fún òmíràn. Àbá ni gbogbo ohun tí mo kọ. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju oríta tàbí àdádó lọ, kó mú un wá. Ṣùgbọ́n kó mú ìtọ́ni tó fi kọ pẹ̀lú rẹ̀ wá, kí ọmọ iṣẹ́ kan fi ṣiṣẹ́ níṣojú wa.