Kí Ni Ká Pe ‘Auto’ Lórí Fídíò?

Lórí YouTube, ẹni tó bá ṣí ibi tí wọ́n ti ń yan bí fídíò á ṣe hàn yóò bá òǹkà gbọọrọ kan pàdé: 144p, 240p, 360p, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ dé 1080p, nígbà mìíràn dé 2160p. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tún wà láàárín wọn, ‘Auto’. Bí wọ́n bá ní kí ògbufọ̀ kan kọ ọ́ ní Yorùbá, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni ‘aládàáṣe’. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, àmọ́ kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Wọ́n ti ṣe fídíò kọ̀ọ̀kan ní oríṣiríṣi ìwọ̀n sílẹ̀, wọ́n sì ti gé ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́. Ègé kan kì í ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ. Bí ègé kan bá ti wọlé, áàpù á wo bó ṣe yá tó kó tó dé, á wo bí èyí tó wà nípamọ́ ṣe pọ̀ tó, á wá pinnu ìwọ̀n tó máa béèrè fún ègé tó kàn. Apple gbé irú ìlànà yìí jáde ní 2009, ó pè é ní HLS. Ní 2012, òmíràn tó ń jẹ́ MPEG-DASH di ìlànà àgbáyé. Ẹ̀rọ tó ń wojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó tó gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, báwo la ṣe fẹ́ sọ pé ńṣe ló ń dá a ṣe? Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún irú ìwà bẹ́ẹ̀: ‘bó bá ṣe gbà’. Ó kúrú, ó gba ojú bọ́tìnnì, ọmọdé ò sì ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

‘Auto’ kan náà wà lórí Jellyfin, áàpù ọ̀fẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń wo fíìmù tó wà lórí kọ̀ǹpútà ilé wọn láti orí fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n. Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ yàtọ̀. Jellyfin á kọ́kọ́ dán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, á yan ìwọ̀n kan, á sì dúró lórí rẹ̀. ‘Kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n’ ló bá ìyẹn mu. Òyìnbó fi orúkọ kan pe iṣẹ́ méjì; kò sídìí tí Yorùbá fi gbọ́dọ̀ jogún ìdàrúdàpọ̀ náà.

Ìdàrúdàpọ̀ tó tún ju ìyẹn lọ wà nínú ‘quality’, tí wọ́n sábà máa ń kọ ní ‘dídára’. Ìwọ̀n méjì ló fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Èkíní ni iye ìlà tó to àwòrán láti òkè dé ìsàlẹ̀: 720p ní ìlà 720, ẹyọ àmì kéékèèké (pixel) 1280 sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. ‘Ìlà 720’ ti tó láti fi pè é. Èkejì ni bí dátà tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣe pọ̀ tó, èyí tó yẹ ká máa pè ní ‘ìṣàn’. Ìṣàn 4 Mbps máa jẹ 1.8 GB ní wákàtí kan, ì báà jẹ́ ìlà 720 tàbí 1080 ni fídíò náà ní. Ìṣàn ló ń jẹ dátà. Bí ìṣàn bá kéré, ojú ẹni tó jókòó tó ń ka ìròyìn ṣì lè mọ́ kedere, nígbà tí koríko pápá bọ́ọ̀lù tó ní iye ìlà kan náà á ti dàpọ̀ mọ́ra, torí ohun tó ń yí padà lórí pápá pọ̀ jù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù ní March 2020 jẹ́ kí ìyàtọ̀ yìí hàn gbangba. Gbogbo èèyàn wà nílé nítorí Kòrónà, Thierry Breton tó wà nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù nígbà náà sì bẹ àwọn iléeṣẹ́ fídíò pé kí wọ́n dín ẹrù orí íntánẹ́ẹ̀tì kù. Netflix dín ìṣàn rẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó 4K, ìyẹn ìlà 2160, ṣì ń wo 4K. YouTube ní tirẹ̀ fi iye ìlà tó kéré ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá kọ ‘wọ́n dín dídára kù’ fún méjèèjì ti pa ìròyìn náà run.

‘Buffer’ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Àwòrán tó ti dé ṣáájú, tí a kò tíì wò, ni; bí omi inú àmù, tó ń jẹ́ kí ilé rí omi lò nígbà tí ẹni tó lọ pọn omi ò tíì dé. ‘Àfipamọ́’ bá a mu gan-an. Ṣùgbọ́n ìgbà tí àfipamọ́ bá tán, tí àmì róbótó ń yí láàárín ojú fóònù, ni wọ́n máa ń sọ pé fídíò ń ‘buffer’! Ohun tí àwọn èèyàn wa ń sọ péye jù bẹ́ẹ̀ lọ: ‘ó ń yí’, tàbí ‘ó ti há’. Kí àwọn tó ń túmọ̀ áàpù mú un bẹ́ẹ̀.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá lè gbé fíìmù tó wà nílé, Jellyfin á tú u, á sì tún un dì ní ìwọ̀n tó kéré. ‘Àtúndì’ lorúkọ tó yẹ iṣẹ́ yìí. Olólùfẹ́ ìròyìn á ní ti ìbò ni àtúndì. Ó lè jẹ́ ti méjèèjì, kò sẹ́ni tó máa ṣi fíìmù mú fún ìdìbò. Fíìmù tí kò nílò àtúndì, ‘bó ṣe wà’ ti tó fún un. Ní ti yíyàn tí YouTube fi ń dín dátà kù lórí fóònù, ká pè é ní ‘ṣọ́ dátà lò’, bí a ṣe ń sọ pé kí èèyàn ṣọ́ owó ná.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ni àwọn tó ṣẹ̀dá ‘amóhùnmáwòrán’ àti ‘asọ̀rọ̀mágbèsì’ wò kí wọ́n tó sọ wọ́n lórúkọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ṣe Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olótùú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ti áàpù ló kù. Àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ló ń túmọ̀ Jellyfin, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń dá dé iwájú wọn ni, láìsí àwòrán ibi tó máa jókòó sí. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ti Yorùbá ṣí áàpù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó fi bọ́ọ̀lù sí i, kó fa ìṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó máa wo koríko pápá, kó tó kọ ohunkóhun sílẹ̀.