Sóyà Tí Kì Í Ṣàṣàyàn Ọ̀rẹ́

Tẹ́ ẹ bá jókòó sínú ọkọ̀ ní gáréèjì Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta, tí ọkọ̀ ò tíì kún, ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ ẹni tó ń polówó mílíìkì sóyà tó tutù nini. Sóyà ti mọ́ wa lára débi pé a máa ń rò pé àwọn baba ńlá wa ló ń gbìn ín. Rárá o. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ọdún 1908 ni wọ́n tó gbìn ín wò ní Moor Plantation, n'Ìbàdàn, ó sì pẹ́ kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ara ohun tó fà á wà lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ fa ẹ̀wà tu, ẹ wo gbòǹgbò ẹ̀, ẹ máa rí àwọn kókó kéékèèké. Bakitéríà ló ń gbé inú wọn. Wọ́n ń fi náítírójìn inú afẹ́fẹ́ ṣe oúnjẹ fún ẹ̀wà, ẹ̀wà náà ń fún wọn ní ṣúgà. Martinus Beijerinck, ará Netherlands, ló kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ ní 1888. Ẹ̀wà tiwa ti lọ́rẹ̀ẹ́ nílẹ̀ yìí tipẹ́. Àjèjì ni sóyà. Èyí tí wọ́n ń kó wá láti Amẹ́ríkà ń so dáadáa, àmọ́ Bradyrhizobium japonicum ló yàn láàyò, ìyẹn ò sì pọ̀ nínú ilẹ̀ wa.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú IITA, ilé ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1967. Àgbẹ̀ lè máa ra bakitéríà inú ọ̀rá, kó pò ó mọ́ irúgbìn. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ohun ẹlẹ́mìí ni, ooru ń pa á, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń gbé e wá. Ta ló fẹ́ tọ́jú ẹ̀ sí fíríìjì lóko, pẹ̀lú iná NEPA wa yìí? Torí náà, ní ìparí àwọn ọdún 1970, wọ́n tún sóyà fúnra ẹ̀ ṣe. Wọ́n mú àwọn sóyà Éṣíà tó ń bá bakitéríà ilẹ̀ wa dọ́rẹ̀ẹ́, wọ́n da ìran wọn pọ̀ mọ́ ti Amẹ́ríkà. Àwọn onímọ̀ pe irú sóyà bẹ́ẹ̀ ní oníṣekúṣe. Ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ lórúkọ! Ibẹ̀ ni irúgbìn TGx ti jáde, tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ dòní. Lójú tèmi, àgbẹ̀ tí kò lówó ajílẹ̀ ni iṣẹ́ yẹn gbè jù. (Lẹ́yìn 2010, IITA tún padà sídìí ọ̀rá: wọ́n ń ṣe NoduMax tiwọn n'Ìbàdàn.)

Ó wá ku iyọ̀. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ò níṣòro ẹ̀, omi dídùn l'Odò Ògùn. Àmọ́ ẹ lọ sí Ayétòrò ní Ìlàjẹ, níbi tí òkun ti ń jẹ ìlú. Tí iyọ̀ bá pọ̀ nílẹ̀, gbòǹgbò ò ní lè fa omi dáadáa; ọ̀gbìn á máa tú gáàsì ethylene jáde, ìyẹn á sì dá ìdàgbà ẹ̀ dúró. Bakitéríà inú kókó náà kì í fẹ́ iyọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà lẹ́bàá gbòǹgbò tó ń jẹ ACC, ohun tí ọ̀gbìn fi ń ṣe ethylene. Bernard Glick àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Waterloo, Kánádà, ti ń ṣàlàyé ẹ̀ láti àwọn ọdún 1990. Wọn ò kó iyọ̀ kúrò nílẹ̀ o. Wọ́n ń jẹ́ kí ọ̀gbìn lè fara dà á ni.

Ìbéèrè Ìbàdàn náà ló tún dé yìí: ṣé ọ̀rá la ó máa rà ni, àbí a ó wá èyí tó ti ń gbé létí òkun Ìlàjẹ, tí iyọ̀ ti mọ́ lára? Èmi á kọ́kọ́ gbé ṣọ́bìrì lọ sétí òkun.