Bí Ìgbéyàwó Bá Fẹ́ Túká: Ọ̀nà Tí Òbí Lè Gbà Pínyà Ní Ìrọ̀wọ́rọ̀sẹ̀ Nítorí Ọmọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tó ń jà lórí ilẹ̀ tàbí gbèsè. Ṣùgbọ́n tọkọtaya tó ti bímọ fún ara wọn kò lè ya ara wọn pátápátá. Wọn yóò tún pàdé níbi ìpàdé òbí ní ilé-ẹ̀kọ́, ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ ní ilé-ìwòsàn, ní ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ náà, àti ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe pínyà ṣe pàtàkì tó ohun tó fa ìpínyà.

Àpilẹ̀kọ yìí kò rọ ẹnikẹ́ni láti kọ ọkọ tàbí aya rẹ̀ sílẹ̀. A kọ ọ́ fún àwọn olùgbé Ìpínlẹ̀ Èkó tí ẹbí àti àgbà ti pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀ wọn títí, tí kò sì sí ọ̀nà àtúnṣe mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe

Irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe ni yóò sọ ilé-ẹjọ́ tí ẹ ó lọ.

Ìgbéyàwó tí a ṣe ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ìjọba, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ ìjọba láti so tọkọtaya pọ̀ lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó, Ilé-Ẹjọ́ Gíga nìkan ló lè tú u ká. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí àwọn tó ní irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lọ gba ìdájọ́ ní Ilé-Ẹjọ́ Ìbílẹ̀. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lójú òfin, tọkọtaya ṣì ni wọ́n. Bí ẹ bá ṣe ìdána lọ́jọ́ kan, tí ẹ sì tún lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Ilé-Ẹjọ́ Gíga náà ni ẹ ó lọ.

Ìgbéyàwó tí a ṣe ní ìlànà ìbílẹ̀ nìkan, Ilé-Ẹjọ́ Ìbílẹ̀ ló ń tú u ká. Kí ìyàwó kó ẹrù jáde nílé kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí tó ṣe yìgì máa ń gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ìlànà ẹ̀sìn wọn tún ní kí a kọ́kọ́ yan onílàjà kan láti ìdílé ọkọ àti ọ̀kan láti ìdílé ìyàwó, àti pé kí ìyàwó ṣe ìdà kí ó tó fẹ́ ẹlòmíràn.

Ohun tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga máa ń béèrè

Òfin ọdún 1970 lórí ẹjọ́ ìgbéyàwó ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga ń tẹ̀ lé. Ìdí kan ṣoṣo tí òfin náà mọ̀ fún ìtúká ni pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọ̀nà tó rọrùn jù fún àwọn tí kò fẹ́ bú ara wọn ní gbangba ni kí wọ́n fi hàn pé àwọn ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2 ó kéré tán láìsí ìdádúró, àti pé ẹnì kejì kò lòdì sí ìtúká náà. Bí ìgbé-lọ́tọ̀ bá ti pé ọdún 3, ilé-ẹjọ́ lè tú u ká bí ẹnì kejì tilẹ̀ lòdì sí i. Ìgbéyàwó tí kò tíì pé ọdún 2 kò ṣe é gbé lọ sí kóòtù láìkọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda adájọ́.

Ẹ kíyè sí èyí: tọkọtaya lè fẹnu kò lórí ìtọ́jú ọmọ àti owó, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ gbìmọ̀ pọ̀ láti parọ́ fún ilé-ẹjọ́. Ìgbìmọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀ lè mú kí adájọ́ da ẹjọ́ náà nù.

Ìdájọ́ àkọ́kọ́ kì í fìdí múlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Oṣù 3 gbọ́dọ̀ kọjá. Bí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá sì wà, kò ní fìdí múlẹ̀ títí adájọ́ yóò fi rí i pé ètò tó yẹ ti wà fún ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ wọn. Kí àkókò náà tó pé, ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kò láṣẹ láti fẹ́ ẹlòmíràn.

Ta ló ni ọmọ?

Ní àṣà wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bàbá ló ni ọmọ. Ṣùgbọ́n Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Ìjọba Àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007, sọ pé ire ọmọ ni a gbọ́dọ̀ fi ṣáájú. Bàbá kò lè fi owó orí tó san gba ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ìyá kò lè ní nítorí pé òun lòun lóyún, kí bàbá má fojú kan ọmọ mọ́. Nínú ìdájọ́ kan ní ọdún 1992, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà là á mọ́lẹ̀ pé ire ọmọ kọjá ilé dáradára, aṣọ àti oúnjẹ. Ìdùnnú ọmọ àti ìbàlẹ̀ ọkàn rẹ̀ ló ṣáájú.

Àdéhùn tó yẹ kí òbí kọ sílẹ̀

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ sí “a ó máa wò ó bí ó bá ṣe ń lọ”. Ká ní bàbá ń gbé ní Ìkòròdú, tí ìyá sì ń gbé ní Sùúrùlérè. Bí ọmọ bá gbọ́dọ̀ la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kọjá lójoojúmọ́ kí àwọn òbí rẹ̀ lè pín in dọ́gba, àwọn òbí ni ètò náà tẹ́ lọ́rùn, kì í ṣe ọmọ. Ó lè sàn kí ó wà nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, kí ó sì lọ sọ́dọ̀ òbí kejì ní òpin ọ̀sẹ̀ àti ní ìsinmi. Ẹ kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀:

• ibi tí ọmọ yóò máa gbé, àti ọjọ́ tí yóò máa lọ sọ́dọ̀ òbí kejì;
• ẹni tí yóò san owó ilé-ẹ̀kọ́, iye owó oúnjẹ lóṣooṣù, àti ọjọ́ tí a ó máa san án;
• ẹni tí a ó pè bí ara ọmọ kò bá yá, àti bí a ó ṣe pín owó ìtọ́jú;
• bí a ó ṣe pín ọdún Kérésìmesì, Àjíǹde tàbí Iléyá;
• ohun tí a ó ṣe bí ẹnì kan bá fẹ́ kó lọ sí ìlú mìíràn tàbí òkè òkun.

Ọ̀tọ̀ ni owó, ọ̀tọ̀ ni ìbẹ̀wò. Bí bàbá kò bá tíì san owó oṣù yìí, kí ìyá má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí ìyá bá sì bínú, kí bàbá má tìtorí rẹ̀ dá owó dúró. Ọmọ ni ìyà méjèèjì ń jẹ.

Bí a ṣe lè sọ fún ọmọ

Bí ó bá ṣeé ṣe, kí òbí méjèèjì jókòó sọ ọ́ pa pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé kì í ṣe òun ló fà á, àti pé bàbá àti ìyá rẹ̀ kò ní yé jẹ́ òbí rẹ̀. Ẹ má rán an níṣẹ́ ìjà, ẹ má sì bi í léèrè ẹni tó fẹ́ràn jù. Kí ìyá àgbà àti àwọn ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú ṣọ́ ẹnu wọn níwájú ọmọ.

Níbi tí ẹ ti lè rí ìrànlọ́wọ́

Citizens’ Mediation Centre tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 1999 ń bá ará ìlú parí aáwọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, títí kan ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ. Wọn kò lè tú ìgbéyàwó ká, ṣùgbọ́n wọ́n lè ràn yín lọ́wọ́ láti dé orí àdéhùn. Bí ẹjọ́ bá sì dé kóòtù, ẹ lè bẹ adájọ́ pé kí ó sọ àdéhùn yín di àṣẹ ilé-ẹjọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà lè yẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò lágbára àti gba agbẹjọ́rò lè lọ sí Office of the Public Defender.

Níbi tí lílù tàbí ìhàlẹ̀ bá wà, ìlàjà kọ́ ni àkọ́kọ́: ẹ kọ́kọ́ gba ara yín àti ọmọ là. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2007 tó lòdì sí ìwà ipá nínú ilé fún ilé-ẹjọ́ lágbára láti dáàbò bò yín. Ẹ pe 112 tàbí 767 bí ewu bá wà.

Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Ìgbéyàwó lè dópin, ṣùgbọ́n ojúṣe òbí sí ọmọ kò dópin.