Eruku Asibẹ́sítọ́ọ̀sì ní Àwọn Ibùdó Àtúnṣe Bàálù Ológun

Asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni orúkọ àpapọ̀ fún oríṣi òkúta mẹ́fà tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, tí ó ṣeé fà ya sí fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí iná kì í jó, tí ó sì ṣeé ran, tí ó ṣeé hun bí òwú. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àjà ilé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí àyọkà yìí dá lé ni àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń tún bàálù ogun ṣe, pàápàá ní Amẹ́ríkà àti Bírítéènì, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fa eruku rẹ̀ símú láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì títí di òpin àwọn ọdún 1970, tí ó sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbòmíràn.

Ìdí tí àwọn tó ń ṣe bàálù fi yàn án kò fara sin. Bàálù ajubọ́ǹbù tó bá fi eré balẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró kí ojú pápá tó tán, ooru tí bíréèkì rẹ̀ ń mú wá sì pọ̀ débi pé wọ́n ní láti po asibẹ́sítọ́ọ̀sì mọ́ páàdì bíréèkì náà kí ó má baà jóná. Ó wà nínú gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn abala pẹlẹbẹ tí a ń fi sáàárín irin méjì kí òróró tàbí èéfín má baà jò. Ó wà nínú aṣọ tí wọ́n fi ń wé páìpù èéfín ẹ́ńjìnnì, nínú ohun tó bo wáyà iná, àti nínú irú àwọn gọ́ọ̀mù kan. Àwọn panápaná tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wọ inú bàálù tó ń jó láti fa awakọ̀ yọ, aṣọ asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wọ̀. Bí òṣìṣẹ́ kò bá tilẹ̀ fọwọ́ kan bàálù rárá, ilé tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kò jẹ́ kó bọ́, nítorí pé òun náà ni wọ́n fi bo òrùlé, tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n sì fi wé páìpù omi gbígbóná.

Ní Amẹ́ríkà, àtúnṣe kéékèèké ni wọ́n ń ṣe níbi tí bàálù bá ń gbé, ṣùgbọ́n bí ó bá di pé kí wọ́n tú u palẹ̀ pátápátá, wọ́n á gbé e lọ sí ibùdó ńlá. Lára àwọn ibùdó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ ti ọmọ ogun òfurufú ni Tinker ní Oklahoma, Hill ní Utah, Robins ní Georgia, Kelly ní San Antonio àti McClellan ní Sacramento, tí wọ́n ti àwọn méjì ìkẹyìn yìí pa ní 2001. Ọmọ ogun ojú omi náà sì ní tiwọn ní Alameda, Norfolk, Pensacola àti àwọn ibòmíràn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe sójà bí kò ṣe aráàlú tí ìjọba gbà síṣẹ́, kókó kan tí yóò ṣe pàtàkì nígbà tí ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú bá dé.

Iṣẹ́ bíréèkì ló fi bí eruku náà ṣe ń wọ ara hàn jù lọ. Mẹkáníìkì á yọ táyà, á tú bíréèkì, á rí eruku dúdú tó ti dì mọ́ inú rẹ̀, á wá fi atẹ́gùn kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ dànù kí ibẹ̀ lè mọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò fi pépà oníyanrìn ha páàdì tuntun kí ó lè jókòó dáadáa sáàyè rẹ̀, lúbúlúbú tó bá sì bọ́ sílẹ̀ ni ẹnìkan á fi ìgbálẹ̀ gbá nírọ̀lẹ́, tí yóò tún gbéra sókè lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó ń jó irin ní ìkángun kejì ilé náà kò mọ̀ pé òun ń pín nínú rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ á bá wọn délé, ìyàwó á gbọn ọ́n kí ó tó rẹ ẹ́ sómi, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn yìí ṣe mú àwọn obìnrin tí wọn kò dé ẹnu ọ̀nà ibùdó rí.

Fọ́nrán náà kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Ìwọ̀n tí òfin Amẹ́ríkà gbà láàyè ní 1972 ni fọ́nrán 5 nínú sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì atẹ́gùn kan. Ó di 2 ní 1976, ó di 0.2 ní 1986, ó sì di 0.1 ní 1994. Ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n pè ní ààlà ní 1972 jẹ́ ìlọ́po 50 ohun tí wọ́n fàyè gbà lónìí, títí di òní náà sì ni 0.1 yìí ṣì túmọ̀ sí 100,000 fọ́nrán nínú mítà kúbíìkì kan.

Àìsàn mẹ́ta ló burú jù nínú ohun tó ń fà. Àkọ́kọ́ ni asibẹsitósíìsì, èyí tó ń sọ ẹran ẹ̀dọ̀fóró di àpá líle tí kò lè fẹ̀ mọ́, tí aláìsàn fi ń mí gúlegúle. Èkejì ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, tí sìgá ń bù kún lọ́nà tó bani lẹ́rù: ìwádìí kan tí Hammond àti Selikoff wà lára àwọn tó gbé e jáde ní 1979 fi hàn pé, bí a bá fi wé ẹni tí kò mu sìgá tí kò sì bá eruku yìí ṣiṣẹ́, ewu ikú jẹ́ ìlọ́po bíi 5 fún ẹni tí eruku nìkan kàn, ìlọ́po bíi 11 fún ẹni tí sìgá nìkan kàn, àti ìlọ́po bíi 53 fún ẹni tí méjèèjì kàn. Ẹ̀kẹta ni mẹsotẹ́líómà, jẹjẹrẹ awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró tàbí ìfun, tí ó máa ń tó 20 sí 50 ọdún kí ó tó yọjú, tí ó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì ni àyà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dun òṣìṣẹ́, nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ti kú, tí ìwé ibi iṣẹ́ sì ti sọnù.

A kò lè sọ pé wọn kò mọ̀. Àwọn olùwádìí Merewether àti Price ti fi ewu náà han ìjọba Bírítéènì ní 1930, òfin sì jáde ní 1931. Ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà dárúkọ eruku yìí nínú ìlànà ààbò fún àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní 1943. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Wagner so mẹsotẹ́líómà mọ́ ọn ní Gúúsù Áfíríkà ní 1960. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún tún kọjá kí a tó fún mẹkáníìkì bàálù ní ìbomú gidi.

Àríyànjiyàn kan wà tó yẹ ká sọ. Ooru bíréèkì máa ń yí púpọ̀ nínú asibẹ́sítọ́ọ̀sì padà di ohun mìíràn tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀, àwọn ìwádìí kan lórí mẹkáníìkì mọ́tò kò sì rí i pé mẹsotẹ́líómà pọ̀ láàrin wọn, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń lo àwọn ìwádìí náà láti gbèjà ara wọn nílé-ẹjọ́. Ṣùgbọ́n páàdì tuntun tí wọ́n ń ha kò tíì rí ooru kankan, ẹni tó ń tú aṣọ ẹ́ńjìnnì kò sì bá mẹkáníìkì mọ́tò dọ́gba. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe ní ibùdó Hill, lórí òṣìṣẹ́ tó lé ní 14,000, kò lè yanjú àríyànjiyàn náà, nítorí pé kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ irin ló dojú kọ, kì í ṣe eruku yìí.

Ní ti owó gbà-má-bínú, aṣọ tí ènìyàn wọ̀ ló ń sọ ohun tí yóò gbà. Láti ìgbà ẹjọ́ Feres ní 1950, sójà Amẹ́ríkà kò lè pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí ohun tó ṣe é lẹ́nu iṣẹ́ ogun, bí ó tilẹ̀ lè béèrè owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ àjọ àwọn ajagunfẹ̀yìntì. Aráàlú tó bá a ṣiṣẹ́ lórí bàálù kan náà ní òfin ọdún 1916 tirẹ̀, èyí tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ ìjọba tí iṣẹ́ bá ṣe léṣe. Àwọn méjèèjì lè kọjú sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀yà bàálù náà, tàbí àpò owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó wọ gbèsè fi sílẹ̀. Ní Bírítéènì, ẹni tí eruku kàn lẹ́nu iṣẹ́ ológun ṣáájú 1987 kò lè pe ìjọba lẹ́jọ́; ìgbà tó di 2016 ni ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í san £140,000 lẹ́ẹ̀kan náà fún ajagunfẹ̀yìntì tó bá ní mẹsotẹ́líómà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni iléeṣẹ́ ètò ààbò wọn jẹ́wọ́ pé asibẹ́sítọ́ọ̀sì wà lára ẹ̀yà hẹlikọ́pítà Sea King, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1969.

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀ ibi tó ti ṣiṣẹ́ àti ọdún tó ṣe é, kódà bí kò bá tíì sí ohun tó ń ṣe é, nítorí pé dókítà tí kò gbọ́ nípa bíréèkì bàálù kì í sábà wá mẹsotẹ́líómà lára ẹni tó wá sọ pé èémí òun ń já.