Iná Tó Ń Ta Nínú Mọ́tò, àti Wáyà Kékeré Kan ní Kàdúná

Bí Yorùbá bá fẹ́ kí mọ́tò gbéra, wọ́n á ní kí awakọ̀ ṣáná sí i. Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń sọ ti ìṣáná inú páálí. Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ́ láìbi ara mi léèrè ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Oṣù Kejì ọdún yìí ni mo tó mọ̀ ọ́n, nígbà tí mo fi ọjọ́ mọ́kànlá tẹ̀ mọ́ mọ́tò bàbá mi nínú ọgbà ilé wa ní Barnawa, ní Kàdúná, tí mo ń wá iná tó kọ̀ tí kò ta.

Toyota Celica ọdún 1976 ni mọ́tò náà, ilẹ̀kùn méjì, imú gígùn, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà fi ń sá eré. Bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́ físíìsì, rà á lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ń padà sílùú rẹ̀. Lẹ́yìn tí bàbá papòdà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní a ó fi ilé náà háyà ní òpin oṣù, àwọn tó ń fi òṣùwọ̀n ra irin sì ti dá iye lé Celica. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ó dáa. Bó bá fúnra rẹ̀ rìn jáde ní géètì, a ò tà á. Bí wọ́n bá ní láti fà á, irin ni.”

Àìsàn rẹ̀ ṣòro í mọ̀. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, á dáhùn. Á máa kùn jẹ́jẹ́ lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ti kan títẹ̀ tó ń mú un sáré, á kú fin-ín. Mẹkáníìkì mẹ́ta ló wá wò ó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní kábúrétọ̀ ni, epo ni kò lọ dáadáa. Wọ́n tú u, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n gbowó, wọ́n lọ. Mọ́tò náà ṣì ń kú.

Ìtàn ni mo kà gba oyè másítà, mi ò mọ nǹkan kan nípa irin. Nítorí náà mo ṣe ohun tí èmi mọ̀ ọ́n ṣe: mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1831, Michael Faraday fi hàn pé bí agbára mágínẹ́ẹ̀tì bá yí padà nítòsí wáyà, iná mànàmáná á bí sínú wáyà náà. Ní ọdún 1860, Étienne Lenoir fi iná tó ń ta láti inú kọ́ìlì dáná sí gáàsì nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní Paris. Nígbà tí Karl Benz gba ìwé àṣẹ lórí mọ́tò rẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 1886, bátìrì àti kọ́ìlì lòun náà lò.

Ìyàwó rẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ mú mi dúró. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1888, Bertha Benz, ẹni ọdún 39, gbé mọ́tò náà láìsọ fún ọkọ rẹ̀. Ó kó ọmọkùnrin rẹ̀ méjì sínú rẹ̀, ó wà á láti Mannheim dé Pforzheim, ìrìn tó lé ní 100 kìlómítà. Nígbà tí ọ̀nà epo dí, ìkótí tí wọ́n fi ń de fìlà mọ́rí ló fi gún un là. Nígbà tí ara wáyà ìtanná bó, okùn rọ́bà tó fi ń so ìbọ̀sẹ̀ mọ́ itan ló yọ, ó fi wé e. Mo ka èyí ní òru kan tí iná ìlú lọ, mo sì rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ orí wa kò jìn síra, ìṣòro wa kò sì jìn síra: epo àti iná. Àmọ́ òun mọ èyí tó ń ṣe é nígbà kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni Gottlob Honold, tó ń ṣiṣẹ́ fún Robert Bosch ní Stuttgart, ṣe mágínẹ́tò alágbára gíga àti púlọ́ọ̀gì tó bá a lọ, ní ọdún 1902. Ní Amẹ́ríkà, Charles Kettering ṣe ètò ìtanná tó ń lo bátìrì, kọ́ìlì àti kọ́ńtáàtì tó ń ṣí, tó ń pa dé. Òun náà ló ṣe ẹ̀rọ tó ń yí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, tó wọ inú Cadillac ọdún 1912. Ṣáájú ìyẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí irin kan níwájú mọ́tò, irin náà a sì máa dá ènìyàn lápá bó bá ta padà. Ètò kọ́ìlì àti kọ́ńtáàtì náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà fún ọgọ́ta ọdún. Òun ló wà nínú Celica wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni àṣírí wà. Iná bátìrì kò ju fólítì 12 lọ, bẹ́ẹ̀ ni iná tó máa fo àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì ní láti tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì. Kọ́ìlì ló ń sọ ọ́ di ńlá. Wáyà méjì ni wọ́n wé mọ́ irin nínú rẹ̀: ọ̀kan nípọn, wọn ò wé e púpọ̀, èkejì tín-ín-rín, wọ́n wé e ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí iná bá ń gba inú wáyà tó nípọn kọjá, irin á di mágínẹ́ẹ̀tì. Bí kọ́ńtáàtì bá wá já iná náà lójijì, agbára mágínẹ́ẹ̀tì á wó, wíwó rẹ̀ ni yóò sì bí iná ńlá sínú wáyà tín-ín-rín. Kì í ṣe ìgbà tí ẹnu kọ́ńtáàtì pàdé ni púlọ́ọ̀gì ń ta, ìgbà tí wọ́n pínyà ni. Dísítíríbútọ̀ á wá pín in fún púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan bó ṣe kàn wọ́n: ìkíní, ìkẹta, ìkẹrin, ìkejì. Bí ẹ́ńjìnnì oní-sílíńdà mẹ́rin bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 100 ni iná ń ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ètò yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa fi kọ́ṣẹ́. Owó Udoji dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀pọ̀ sì fi ra mọ́tò àkọ́kọ́ nílé wọn. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún kan náà. Nínú 504 àti nínú Ìjàpá, kọ́ìlì, kọ́ńtáàtì àti kọ́ńdẹ́ńsà ló wà níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Kano, ní Enugu tàbí ní Ìbàdàn lè fi etí gbọ́ èyí tí kò dáa nínú wọn.

Irú ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kan ti dàgbà. Àwọn ará Panteka ló júwe rẹ̀ fún mi, Málàm kan tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo fi èdè Haúsá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ kejì, kò wo ibi tí kábúrétọ̀ wà rárá. Ó béèrè gílóòbù kékeré kan. Ó so ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mọ́ ibi tí wáyà kọ́ńtáàtì ti wọ kọ́ìlì, ó so èkejì mọ́ ara mọ́tò. Ó ní kí n ṣí kọ́kọ́rọ́. Ó fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀. Bí kọ́ńtáàtì bá ṣí, gílóòbù á tàn; bó bá pa dé, á kú. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ó wá fa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ lára kábúrétọ̀, ó nà án sí mi. “Ọmọ mi, fi ẹnu fà á.”

Mo fà á bí ẹni ń mu ohun mímu inú ìgò. Nínú dísítíríbútọ̀, pẹpẹ tí kọ́ńtáàtì jókòó lé yí díẹ̀. Kọ́ńtáàtì wà ní pípadé, síbẹ̀ gílóòbù tàn. Mo fi í sílẹ̀, ó kú. Mo tún fà á, ó tún tàn.

Ó fi ìka hàn mí. Wáyà kékeré kan, kò gùn ju ìka lọ, ló so pẹpẹ náà mọ́ ara dísítíríbútọ̀. Ara rẹ̀ dán, kò bó níbì kankan. Ṣùgbọ́n ó ti já nínú. Bí mọ́tò bá wà lórí ìdúró, ẹnu ibi tó já ṣì ń kanra. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ pé kó sáré, ẹ́ńjìnnì á fa rọ́bà yẹn bí mo ṣe fà á, pẹpẹ á yí, wáyà á pínyà, iná á tán. Ìdí nìyẹn tó fi dà bí àìsàn epo.

Ó ní òun ò ní bá mi ṣe é, ọwọ́ òun ti ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n òun á jókòó tì mí. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi gbogbo kí n tó yọ dísítíríbútọ̀. Wáyà tí mo kọ́kọ́ fi dípò le jù, ó di pẹpẹ mú. Ó rán mi lọ wá gbohùngbohùn rédíò àtijọ́. Wáyà rírọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó ń bá a jó láìjá, ni mo fi òjé jó mọ́ ọn. Mo dá a padà sílé, mo ṣáná: ó yìnbọn gbàù láti ẹnu kábúrétọ̀. Ìdajì òbìrí ni mo fi dá a padà sódì, iná wá ń lọ bá sílíńdà tí kò kàn. Mo tún yọ ọ́. Mo fi 0.45 mílímítà sáàárín ẹnu kọ́ńtáàtì, ó tún yẹ̀ nígbà tí mo ń de nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni Málàm ń sọ: “A hankali.” Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kọkànlá, mo tẹ ẹ́, ó sì bú ramúramù, kò kú.

Mo bi í pé ta ló kọ́ ní irú ọgbọ́n gílóòbù àti rọ́bà yìí. Ó ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí òun ní kẹ́yìn ti lọ ń ta fóònù. N kò lè bá ọmọ náà wí. Lẹ́yìn ọdún 1986 tí náírà já, mọ́tò tòkunbọ̀ gba títì, èyí tó pọ̀ nínú wọn kò sì ní kọ́ńtáàtì mọ́. Láti ọdún 1973 ni Chrysler ti yọ ọ́ kúrò nínú àwọn mọ́tò tó ń ṣe l'Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹpútà ló ń darí iná báyìí.

Ẹnìkan lè wí pé kí ni a fẹ́ fi ìmọ̀ kọ́ńtáàtì ṣe nígbà náà. Kì í ṣe kọ́ńtáàtì ni mò ń sunkún rẹ̀. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ wá láti pààrọ̀ nǹkan. Málàm wá láti bi mọ́tò ní ìbéèrè. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹ̀rọ tó ń fa omi, fún jẹnẹrétọ̀, àní fún mọ́tò oníkọ̀ǹpútà. Ní Ghana, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Kumasi lọ dá ibi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn mẹkáníìkì Suame Magazine ní ọdún 1980, kí ìwé àti òòlù lè jọ máa sọ̀rọ̀. Àwa tí a kàwé níbí ń kọ ìtàn àwọn tó to mọ́tò pọ̀ ní Kàdúná àti Èkó. A kì í kọ ti àwọn tí kò jẹ́ kí mọ́tò náà kú. Haúsá, Yorùbá, Ìgbò àti Píjìn ni wọ́n fi kọ́ra wọn níṣẹ́, orí wọn nìkan ni ìwé náà sì wà.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì, mo wa Celica jáde ní géètì. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé mi dé títì, ó ní kí n yípo kan sí i. Ní ọjọ́ kejì, mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo sì padà lọ sí Panteka.